Òórùn Omi Ìyá Onílé Wa

Bí mo bá gbọ́ òórùn kiloríìnì, oògùn apakòkòrò inú omi, ìyá onílé wa ní Ajah ni mo máa ń rántí. Àwọn ló ń da á sínú táǹkì tí gbogbo àdúgbò ti ń pọnmi. Wọ́n á kọ́kọ́ mu ife kan lójú wa, ojú wọn á fún pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó: "Oògùn ti wọ̀ ọ́, ẹ máa pọn!"

Bàbá kọ́bọ̀ọ̀dù, ayálégbé kan tó ń kan kọ́bọ̀ọ̀dù tà, ló máa ń ráhùn jù: "Màmá, ẹ̀bà mi ń rùn bí ọsibítù!"

"Ó sàn ju kí wọ́n máa gbé ẹ̀bà wá bá ọ lọ́sibítù lọ."

Lọ́jọ́ kan, ìyá onílé lọ sí Ẹ̀pẹ́. A ṣí ẹ̀rọ, omi ò rùn rárá. Kò sẹ́ni tó gbé garawa síwájú. Bàbá kọ́bọ̀ọ̀dù ló sáré fi fóònù pè wọ́n:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ gbé òórùn wa sí?"