Búta Màmá Mi

Òórùn kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán mi ló gbé mi padà sí Ìkàrẹ́. N kò lè búra sí àwọ̀ aṣọ tí ẹnikẹ́ni wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni, kẹrosíìnì inú lántánì dà sórí ẹní, àbúrò bàbá mi sì ń kó ẹrù wa sínú ọkọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá mi ni. Nígbà tó yá, àbúrò bàbá mi gbé búta tí màmá mi fi ń ṣe àlùwàlá.

Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa dá a padà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ọmọ ẹ ti fẹ́ gba ogún o!"

Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kọjá ibẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Wò ó dáadáa." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé takàbà opó ni kò jẹ́ kó lè tẹ̀lé e jáde, àbúrò bàbá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wá.

Ó ti kọ́lé sí Ọ̀kà báyìí, ó ní kí n ya àwòrán sí pálọ̀ òun. Búta yẹn ni mò ń yà, kó rí bíi fọ́tò gẹ́lẹ́: ibi tó tẹ̀ wọnú, ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, omi tó ń kán lẹ́nu rẹ̀. Yóò máa wò ó bó bá ń jẹun. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó ni ín, kó dá wọn lóhùn.