Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní?

Àṣìṣe tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló borí mi lónìí.

Ẹ rántí ojú ewé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa jọ ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe? Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláǹtakùn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Mẹ́jọ ló ní.

Àǹtí Ṣadé, tíṣà tá a jọ ń gbélé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní káfè. Wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn lọ́la.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mẹ́jọ ni."

"Kọ̀ǹpútà ní mẹ́fà ni."

"Èmi ni mo kọ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ!"

"Ìwọ Lékan? Ìwọ tó o máa ń bèèrè bóyá lóòótọ́ ni òní jẹ́ Mọ́ńdè? Kúrò níbẹ̀ jàre."

Mo ní ká lọ wo aláǹtakùn fúnra wa. A rí ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn bálùwẹ̀. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi bírò tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà kà á.

Méje.

Mo ṣàlàyé títí pé ọ̀kan ti gé dànù. Wọn ò gbọ́. Wọ́n padà sí káfè, wọ́n pa mẹ́fà rẹ́ lójú ewé wa yẹn, wọ́n kọ méje, wọ́n sì fi kún un pé: "Mo fojú ara mi rí i."

Èmi, inú ìwé lásán ni mo ti rí mẹ́jọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi ka ti ilé yín, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ síbí kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ni kẹ́ ẹ kà o. Ẹ má bi mí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó pé.