Súẹ́tà Tí Asimawu Hun fún Ìdrís

Èmi ni mo kọ́ Asimawu ní kíróṣéè ní Ojowo, torí Ìdrís ọmọ rẹ̀ ní òtútù Kánádà ń pa òun. Ègé mẹ́rin ni súẹ́tà náà: iwájú, ẹ̀yìn, apá méjì. Kò rán wọn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, torí ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó rí ọmọ náà gbẹ̀yìn, kò mọ bó ṣe sanra tó. Ó gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rán an pọ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí i. Ìdrís ò ráyè gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tó pè wá ní fídíò, a rí i tó tẹ́ wọn sórí àga pálọ̀.

"Màámi, ẹ ṣé. Ó kárí àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Alihamdulilahi," ni Asimawu dáhùn. "Òtútù ò ní í mú àga mọ́."