Iná Sólà Dé Gberefu, Igi Àgbọn Ò Kúrò

Kò tíì pẹ́ rárá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó ṣẹlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń ní kí n sọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ fún yín, mo ti fẹ̀yìn tì kí n tó rí ìjà tó dùn mọ́ mi jù lọ láyé mi. A ò sì gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn kankan níbẹ̀.

Gberefu nílé mi. Ọ̀sà wà níwájú wa, òkun wà lẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn á sì wọ̀ láti Àgbádárìgì kó tó débẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí oòrùn bá ti wọ̀, èbúté wa á ṣókùnkùn biribiri, àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ á sì máa fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi. Nígbà tí Máutìn, kaǹsẹ́lọ̀ wa, ọmọ bíbí abúlé wa, kéde pé iná sólà ń bọ̀, a jó. Èmi náà jó, lọ́jọ́ kejì ni orúnkún mi tó rántí ọjọ́ orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kọngílá dé, ó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi àgbọn tó wà lójú ọ̀nà àárín abúlé. Wọ́n ní ibòji wọn ò ní jẹ́ kí oòrùn kan pátákó orí òpó tó ń gbé iná wá, nítorí náà, àwọn máa gé wọn. Àlejò lè ní kí ló wà nínú igi. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá bímọ, ìdí àgbọn la máa ń sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Ọmọ àti igi á jọ máa dàgbà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́.

Mo lọ bá Máutìn.

"Máutìn, a fẹ́ iná. Àmọ́ ẹ má gé igi wa."

"Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún mi. Bí a bá fi falẹ̀, Morogbo ni wọ́n máa kó àwọn òpó yẹn lọ. Bí wọ́n bá sì ti lọ, ó parí nìyẹn."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Kí iná dé ẹnu ọ̀nà ẹni kó tún yà síbòmíràn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ tí a máa kọ sára pátákó ìfẹ̀hónúhàn, ṣùgbọ́n Ìyá Sewanu, aládùúgbò mi tó ń fún òróró àgbọn tà, ní kí n gbé ìyẹn tì.

"Tíṣà, igi yẹn lólúwa. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó ni wọ́n."

A pè wọ́n lórí fóònù. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ìgégi, ọkọ̀ ń já èèyàn sí èbúté ṣáá: ará Apa, ará Morogbo, àwọn tó ń ṣòwò ní Àjàṣẹ́ lódìkejì ibodè pàápàá. Kálukú lọ dì mọ́ igi rẹ̀. Bàbá onírùngbọ̀n funfun dì mọ́ èyí tó ga jù, ọmọbìnrin kékeré kan dì mọ́ èyí tí ò tíì so. Ọ̀kan tiẹ̀ ń bínú pé wọn ò sàmì sí tòun: "Ṣé igi tèmi ò tó igi ni?" Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín, àmọ́ èmi fojú rí i.

Ṣùgbọ́n igi àkọ́kọ́ níhà òkun, kò sẹ́ni tó dúró tì í. Ti Sewanu ni, awakọ̀ ni ní Morogbo, ó sì ṣì wà lójú omi. Kí ìyá rẹ̀ tó sáré débẹ̀ láti èbúté, níbi tó ti ń dúró dè é, ayùn ẹlẹ́rọ ti gé e lulẹ̀. Ìyá náà jókòó sórí kùkùté. Inú bí mi gan-an.

Bí wọ́n ṣe kọjú sí ìkejì ni Máutìn dé. Àbúrò ìyá rẹ̀ ti gbé àpótí sídìí igi náà, ó jókòó, ó ní:

"Máutìn, wá dúró ti igi rẹ."

Ó wo ọ̀dà pupa náà. "Ta ló sàmì sí èyí?"

"Àwọn tí o kó wá ni."

Ẹ̀rín sọ. Ẹnjiníà tí kọngílá rán wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti ń làágùn, ní, "Ọ̀gá, ṣé ká gé e?"

"Eo!" la pariwo, bí àwa Gun ṣe ń sọ pé rárá. Ohùn Máutìn ló ròkè jù.

Ẹnjiníà ní, "Níbo wá ni kí n ri òpó mọ́?"

Mo ní, "Níbi tí oòrùn ti ń pa wá. Wá, kí n mú ọ lọ."

A mú un lọ sí èbúté, a mú un lọ sí iwájú iléèwé, a mú un lọ sí etí yanrìn tí igi kankan kò sí. Ó gbé ojú sókè, ó nu ojú rẹ̀, ó ní oòrùn ibẹ̀ tó, ó tiẹ̀ pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ri àwọn òpó náà mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn, àwọn ọlọ́jà sọ̀ kalẹ̀ láìwá ilẹ̀ kiri. Ọ̀kan sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi, ayọ̀ ni.

A jèrè iná, a jèrè igi. Méjì nínú àwọn iná náà ti kú báyìí, ẹni tó ní òun á wá pààrọ̀ bátìrì wọn ò tíì wá. Ẹ̀yin lẹ máa lọ bá wọn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ igi Sewanu. Òpó tó wà ní èbúté ni a sọ lórúkọ rẹ̀, àwọn ọmọdé á ní, "Pàdé mi lábẹ́ Sewanu." A rò pé inú rẹ̀ á dùn. Nígbà tó wá sílé, ó wo òpó náà títí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì ní:

"Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n òróró wo ni màmá mi máa fún jáde nínú èyí?"