Àjọ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ti Ilẹ̀kùn Ilé Ìtọ́jú Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ẹni tó gbé nǹkan kaná kó dín iná kù, kó wá jókòó. Ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀jẹ̀ ni, kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣáájú mi dé Houston ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ nípọn bí pákó, ṣùgbọ́n n kò rí i kó gbé e sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Òun náà ni alájọ wa ní àdúgbò Alief. Lóṣooṣù, oníkálukú á mú ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ wá lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi á kó gbogbo rẹ̀ sí àkáǹtì ara rẹ̀, á sì kó o fún ẹni tó bá kàn.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú. Nígbà tó yá, ara ń padà bọ̀, orí kò padà. Ó ń rí ìyàwó rẹ̀ bí olè. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi fọ́ gíláàsì fèrèsé, ó sì fi ṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́, mo wakọ̀ débẹ̀, mo bá ẹ̀jẹ̀ lára firíìjì. Ìyàwó wa ti sá sínú ilé ìwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn, gbà! gbà! gbà!

"Bàbá Kékeré, ẹ bá mi mú ọkọ mi o! Ó fẹ́ pa mí!" Bàbá Kékeré ló ń pè mí, torí àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí.

Mo dì í mú láti ẹ̀yìn. Ó gé mi jẹ. Àpá eyín rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi.

Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ jọ gbélé mọ́, kó tó pa obìnrin náà. Ilé ìtọ́jú kan wà ní Humble, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kọjá agbára wa, wọ́n bá ṣì jọ ń gbé. Ìjọba máa ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ wọn á kọ́kọ́ wo ohun tó ń wọlé fún aláìsàn lóṣù. Ìlà kan wà tí wọ́n fà. Bí owó tó ń wọlé lórúkọ rẹ bá fi díẹ̀ báyìí kọjá ìlà yẹn, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Bí kò bá kọjá, ilé ìtọ́jú á gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ, wọn á fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ láti fi ra ọṣẹ àti bísíkíìtì, ìjọba á sì san ìyókù.

Owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀gbọ́n mi kò kọjá ìlà. Àmọ́ obìnrin tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wa wò ní ọ́fíìsì ìjọba ṣí ìwé báńkì, ó wò mí.

"Kí ni gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì wọ̀nyí? Bàbá yìí ń rówó ju èmi alára lọ."

Àjọ ni. Lẹ́yìn tí àìsàn dé, a kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa gbà á? Bí o bá gba àjọ lọ́wọ́ alájọ lórí àìsàn, o ti sọ fún un nìyẹn pé o ò retí kó dìde mọ́. A ṣì ń kó ṣẹ́ẹ̀kì sí i lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ á sì gbé e lọ sí báńkì. Ìfẹ́ la fi ṣe é. Ìfẹ́ yẹn ló wá fẹ́ pa ìyàwó wa.

Obìnrin ọ́fíìsì náà ní kí àwọn tó ni owó wá fọwọ́ sí ìwé pé tiwọn ni, kí owó náà sì yéé gba àkáǹtì rẹ̀ wọlé. Mo pe àwọn ọmọ àjọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣàlàyé fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí ìwé ìgbélùú wọn kò fàyè gbà.

"Bàbá, ẹ ní kí n lọ kọ orúkọ mi fún ìjọba?" Ẹni tó ń wa takisí ló sọ bẹ́ẹ̀. "Kí wọ́n wá kó mi sínú pléènì?"

Èkejì, ẹlẹ́nu líle kan tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ jàre. Bàbá Alájọ wa yìí náà ló fẹ́ pa èèyàn? Àwọn obìnrin ló máa ń sọ̀rọ̀ di ńlá."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí ìyàwó wa fi gbé omi wọlé, ọwọ́ tó ṣẹ́ wà nínú POP. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó láàárín wa fò dìde.

"Olè! Gbé owó àwọn ọmọ mi sílẹ̀!"

Ọ̀pá gbéra. Ẹlẹ́nu líle bọ́ sáàárín wọn, ó gbà á sẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa la ṣù bo ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀, ó ń tàpá, ó ń fi orí kàn wá, orí ọ̀kan nínú wa fọ́, síbẹ̀ ó ń ké pé, "Owó àwọn ọmọ mi! Ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ!"

Onítakisí bú sẹ́kún. Ẹlẹ́nu líle tu ẹ̀jẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ó kọjú sí ìyàwó wa. "Mọ́mì, ẹ má bínú." Ó yí sí àwọn yòókù. "Owó wa ni bàbá yìí ń jà fún. Èmi máa fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi." Ó wá dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀ níbẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé àjọ."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ọn títí. Apá rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ wa. "Má jẹ́ kí obìnrin yẹn rí i," ó ní.

Gbogbo wọn ló lọ fọwọ́ sí i, ìjọba gbà, ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn. Ní Humble, ó na àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ náà, àmọ́ wọ́n pọ̀, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ìyàwó wa jogún mọ́tò, àti ọrùn ọwọ́ tó máa ń ro ó bí òjò bá ṣú. Ẹlẹ́nu líle jogún àjọ, eyín tó rà ló sì fi ń rẹ́rìn-ín títí dòní. Èmi jogún ọ̀pá náà. Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí báyìí, àmọ́ ọ̀pá mìíràn ni mo ní kí wọ́n rà fún mi.