Òkè Tí Wọ́n Gé Bí Ògiri

Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn máa ń dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi, inú ló máa ń bí mi. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà, gbogbo ìlú ló ń wá ọ̀nà ọkọ̀ lójú méjèèjì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́, èmi ni mo ń yẹ ilẹ̀ wò fún àwọn tó ń la ọ̀nà kan nítòsí Agbamu. Wọ́n gé òkè kan níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lóòró bí ògiri. Ilé opó kan wà lókè gan-an, inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sì sin ọkọ rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Ilẹ̀ pupa tó wà lókè le bí òkúta, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbẹ́ ẹ wọ ìsàlẹ̀, mo bá amọ̀ funfun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Bí òjò bá dé, omi á la ilẹ̀ pupa kọjá, á dúró lórí amọ̀, gbogbo ẹrù òkè á sì yọ̀ wálẹ̀. Mo ní ká gé òkè náà sẹ́yìn kó lè dagẹ̀rẹ́, ká kọ́ ilé mìíràn fún opó náà, ká sì rọra gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. “Ṣé amọ̀ ìkòkò lo fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?” Ilẹ̀ pupa tó le lókè nìkan ni òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó wá lọ sọ fún àwọn àgbà pé ọ̀wọ̀ òkú ni kò jẹ́ kí òun gé ibẹ̀ sí i. Irọ́ gbuu! Wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Nígbà tí mo lọ bá wọn, wọ́n ní, “Ọmọ wa, ṣé tìtorí ọ̀nà ni ká ṣe hú baba ẹni?” Ó ká mi lára.

Opó náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, tí òkè náà sì ya. Ilé àti sàréè ló jọ wó sójú ọ̀nà. Ọwọ́ la fi ń ṣa egungun nínú ẹrẹ̀, ìyá náà sì ń kó wọn sínú ìborùn rẹ̀. Ìbínú ò jẹ́ kí n lè sunkún.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. “Màmá, àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò sí nílé.”

Ìyá náà ò gbójú sókè. “Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìwọ ni o ò tíì bẹ̀ mí.”

Kò bẹ̀ ẹ́. Ó padà sínú mọ́tò rẹ̀, ó sì lọ. Láti ìgbà náà, bí òkè bá ya níbikíbi tí ẹnìkan sì dárúkọ Ọlọ́run sí i létí mi, mo máa ń bi í pé ta ló gé e.