Ọ́ìlì Inú Pálọ̀ Evaristo

Ní àdúgbò tiwa ní Santiago, kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí alùpùpù rẹ̀ sùn síta, àfi ẹni tó bá fẹ́ fi ta olè lọ́rẹ. Inú pálọ̀ la máa ń gbé e sí, láàárín àga àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ti Evaristo Despaigne ju ti gbogbo wa lọ. Alùpùpù Rọ́ṣíà ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ní ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Evaristo wó ògiri, ó fẹ ẹnu ọ̀nà, ó wá ń yangàn fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti tún ilé kọ́. Eneida ní, "Ilé ta lo tún kọ́? Tèmi àbí ti ìyàwó kejì yìí?"

Nọ́ọ̀sì ni Eneida. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń jókòó nínú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ náà lọ síbi iṣẹ́, aṣọ funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun, atíkè láti ọrùn títí dé àyà. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù. Mo máa ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà mi, owú a sì máa jẹ mí díẹ̀.

Osmel ni mí, mẹkáníìkì ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dá lẹ́bi.

Ó tó ọdún mẹ́wàá tí alùpùpù náà fi jò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ àwọn síìlì rẹ̀, ìyẹn àwọn òrùka tó ń sé ọ́ìlì mọ́nú. Síìlì tuntun kò sí níbí, awọ bàtà ni mo fi ń gé e. Á gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo dá àpárá tí gbogbo mẹkáníìkì ìlú wa máa ń dá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Alùpùpù àtijọ́ tí ò bá jò, ọ́ìlì inú ẹ̀ ló ti tán." Evaristo rẹ́rìn-ín títí. Eneida nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agolo mílíìkì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, òun náà ló sì ń dà á nù láràárọ̀.

"Ìgbà wo lo máa ṣe é?" ni ó máa ń bi ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀la."

"Ọ̀la ẹ yìí ti hu irùngbọ̀n."

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí Eneida dìde ní ìdájí láti lọ gbé kọfí kaná, agolo ti kún, ọ́ìlì ti ṣàn sórí táìlì. Kò rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ìbàdí ló fi balẹ̀. Evaristo gbé e sínú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ kan náà, ó sì gbé e lọ sí ọ́síbítù tí Eneida ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú àwọn ẹlòmíràn. Egungun ti ṣẹ́. Ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, òtútù àyà kọlù ú, ó sì kú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Yudelkis, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń gbé ní Holguín, dúró lẹ́nu ọ̀nà fífẹ̀ yẹn. Kò wọlé. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ọ́ìlì yẹn láé. Ọjọ́ tó bá gbẹ, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Tí ò bá gbẹ, ẹ máa bá a gbé." Láti ọjọ́ náà kò wá mọ́, kò sì gbé ọmọ-ọmọ wá fún bàbá rẹ̀.

Mo bi Evaristo ìdí tí kò fi ta ẹrù òfò náà. Ó ní, "Ojú ibi tí Eneida máa ń jókòó sí ṣì wà lórí tìmùtìmù yẹn, Osmel. Ta ni kí n gbé e fún?"

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ikú Eneida pé ọdún kan, Evaristo wá bá mi. Kò fọwọ́ kan kọfí tí mo gbé fún un.

"Mo fẹ́ kó gbẹ kó tó di ọjọ́ Ìsinmi."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tú u lẹ́ẹ̀mẹta."

"Wá tú u lẹ́ẹ̀kẹrin."

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Mo ní ká má tíì tú nǹkan kan, ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń wá. Ọ́ìlì a máa parọ́. Ó lè jáde lókè, kí atẹ́gùn gbé e sẹ́yìn, kó wá kán sílẹ̀ níbi tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. A fi kẹrosíìnì fọ ẹ́ńjìnnì náà, a nù ún gbẹ. Mo ní, "Ó ku atíkè. Ibi tí ọ́ìlì bá ti jáde, atíkè a rin níbẹ̀."

Evaristo wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, agolo atíkè Eneida ló gbé lọ́wọ́, èyí tí kò kúrò níwájú dígí láti ọjọ́ tó ti kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ti ìyàwó mi wà nílé. Ẹ jẹ́ n sáré lọ mú un wá."

"Dà á."

"Ìba díẹ̀ ló kù nínú ẹ̀ o."

"Mo mọ iye tó kù. Dà á."

Mo dà á. Òórùn Eneida gba gbogbo pálọ̀. Evaristo kọjú sí ògiri, ó ń fi apá aṣọ nu ojú, èmi náà sì ń ṣe bí ẹni tó ń wá sípánà. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé ọkàn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún àgbàlagbà tó ń sunkún.

A ṣíná sí i, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Atíkè rin níwájú, ó rin lẹ́yìn, ó rin lọ́tùn-ún àti lósì. Ibi mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ojú sì tì mí. Síìlì mẹ́rin kì í pinnu láti bàjẹ́ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ní ihò tó fi ń mí, tí ihò yẹn bá dí, èémí inú rẹ̀ á máa ti ọ́ìlì gba ibikíbi tó bá rí. Rọ́bà oníhò kan ló so mọ́ ihò náà, ó gba abẹ́ lọ sí apá ibi ìjókòó ẹ̀gbẹ́. Mo fẹnu sí i, mo fẹ́ ẹ. Kò gba atẹ́gùn rárá. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta tí mo tú alùpùpù yìí, mi ò yọ rọ́bà yẹn wò rí.

Mo fi wáyà fa ohun tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ ló jáde, ó dúdú, ó ti gan. Nígbà tí mo ṣí i, inú ìṣẹ́po rẹ̀ ṣì funfun díẹ̀, lẹ́tà méjì tí wọ́n fi òwú búlúù rán sì wà níbẹ̀: E.D. Báyẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń sàmì sí aṣọ wọn kó má bàa sọnù níbi ìfọṣọ.

Evaristo gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Rọ́bà yẹn máa ń tutọ́ ọ́ìlì sí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un ní ìwé ẹ̀yẹ níbi iṣẹ́, ó ń sunkún pé òun ò lè fi ìbọ̀sẹ̀ alábàwọ́n dúró níwájú èèyàn. Mo gé etí aṣọ ẹ̀ kan tó ti gbó, mo fi dí i. Mo ní tá a bá ti dé, màá yọ ọ́." Ó gbójú sókè wò mí. "Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, inú wa ń dùn. Mo gbàgbé, Osmel."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mẹkáníìkì. Èmi ló yẹ kí n wò ó."

"Ìwọ kọ́ lo fi aṣọ dí i."

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ti àwa méjèèjì gbẹ̀yìn lóòótọ́, ó sì jókòó tì wá nínú pálọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo dá rọ́bà padà. Ní ọjọ́ Ẹtì, kò jò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò jò. Evaristo fi iyanrìn àti kẹrosíìnì ha táìlì títí eékún rẹ̀ fi bó, ó sì ránṣẹ́ sí Yudelkis.

Yudelkis dé ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ìrántí. Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀ mí kí n wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa táìlì, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì wọlé.

"Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá Osmel. Ọjọ́ mélòó ló gbà yín?"

Mo ti tọ́jú irọ́ kan sẹ́nu: pé síìlì gidi kan ló dé láti òkè òkun. Evaristo kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Wákàtí kan," ó ní.

"Wákàtí kan?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọdún mẹ́wàá ni màmá fi da agolo nù, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ò fún un ní wákàtí kan yẹn?"

Evaristo kò wí àwáwí. Ó fi aṣọ náà sí i lọ́wọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìbọ̀sẹ̀ títí dé orí ọ̀la tó hu irùngbọ̀n. Yudelkis fi àtàǹpàkò pa lẹ́tà méjèèjì náà.

"Èmi ni mo rán an," ó ní. "Màmá ló ń kọ́ mi ní aṣọ rírán nígbà náà." Ó ká aṣọ náà mọ́wọ́. "Ṣé ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó mọ́."

Ó mú ọṣẹ, ó jáde sẹ́yìnkùlé. A ń gbọ́ bó ṣe ń fọ aṣọ náà, tó ń ṣàn án, tó tún ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọ̀ ọ́, kò mọ́. Ó sá a sórí okùn bẹ́ẹ̀, ó wọlé padà, ó gba orí táìlì náà kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó sì bi bàbá rẹ̀ pé, "Níbo lẹ ń gbé kọfí sí báyìí?"